Ẹ̀rọ tí yóò sọ ohun mímu gbígbóná di tútù ní ìṣẹ́jú méjì: ṣé ó ṣeé ṣe?

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń kọ́ iṣẹ́ fíríìjì ní Ìbàdàn ló kọ̀wé sí mi báyìí: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Màmá mi ń ta sóbò. Tí wọ́n bá sè é tán, ó máa ń tó wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin kó tó tutù débi tí wọ́n lè rọ ọ́ sínú ike, kí wọ́n tó tún wá kó o sí fírísà. Mo fẹ́ ṣe ẹ̀rọ kékeré kan tí yóò máa wà nílé ìdáná, tí èèyàn á da sóbò tàbí tíì gbígbóná sí, tí yóò sì tutù nini ní ìṣẹ́jú méjì. Bí makiroéfù bá lè mú omi gbóná ní ìṣẹ́jú méjì, kí ló dé tí a ò lè rí èyí tó máa mú un tutù bẹ́ẹ̀? Mo ní kọ̀mpúrẹ́sọ̀ fíríìjì kan nílẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n fi í sílẹ̀, kí n lo Peltier, pátákó kékeré tí ojú rẹ̀ kan máa ń tutù bí iná mànàmáná bá wọ̀ ọ́. Èwo ni kí n mú nínú méjèèjì, ẹ jọ̀ọ́ sà?"

Àbúrò, ìbéèrè rẹ dùn mọ́ mi, torí ìṣirò tó wà nídìí rẹ̀ kò le rárá, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ tó ń dáwọ́ lé irú iṣẹ́ yìí kì í ṣe é kí wọ́n tó lọ ra irin. Ohun tó ń jẹ ọ́ lọ́kàn ni pé iṣẹ́ tí fírísà ń fi wákàtí ṣe, o fẹ́ kó di iṣẹ́ ìṣẹ́jú, o sì rò pé ohun èlò tó lágbára ju ti fírísà lọ ló kù tí o máa rí. Lójú tèmi, kò yẹ kí kọ̀mpúrẹ́sọ̀ tàbí Peltier dojú kọ ohun mímu tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí iná. Omi lásán ló yẹ kó kọ́kọ́ gbà á, kí yìnyín tó gbà á lọ́wọ́ omi. Kọ̀mpúrẹ́sọ̀ rẹ máa wúlò, àmọ́ òru ni yóò ṣe iṣẹ́ tirẹ̀, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbé ìsápá kaná.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti makiroéfù kúrò lọ́nà. Ìgbóná rọrùn láti dá. Iná mànàmáná èyíkéyìí tó bá wọ inú nǹkan, ooru ló máa ń dà níkẹyìn. Ìdí nìyẹn tí kẹ́tùlù 2000 wáàtì fi ń se lítà omi kan ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta láìsí wàhálà. Makiroéfù náà, ìgbì ló ń rán wọ inú oúnjẹ tó ń mi omi inú rẹ̀ títí tó fi gbóná. Ní ti ìtutù, kò sí ohun tí a lè rán wọ inú ife. Ooru tó wà nínú rẹ̀ la gbọ́dọ̀ kó jáde, a sì gbọ́dọ̀ rí ibi tí a máa dà á sí. Fi ọwọ́ kan irin ẹ̀yìn fíríìjì ilé yín, wàá mọ ibi tí ooru ẹran àti ọbẹ̀ ń gbà lọ. Lóòótọ́, àwọn onímọ̀ físíìsì ń fi iná léésà mú nǹkan tutù, wọ́n tilẹ̀ fún àwọn mẹ́ta ní ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ lọ́dún 1997. Àmọ́ átọ́ọ̀mù díẹ̀ tó wà nínú òfìfo ni wọ́n ń ṣe é fún, kì í ṣe sóbò oníke.

Ó wá kan ìṣirò. Kí lítà omi kan tó fi 1°C tutù sí i, nǹkan bí kílójúùlù 4.2 (kílójúùlù ni a fi ń ka ooru) ló gbọ́dọ̀ jáde lára rẹ̀. Sóbò, tíì, kọfí, omi la máa ka gbogbo wọn sí. Bí lítà kan bá wà ní 95°C, tí o sì fẹ́ kó dé 5°C, kílójúùlù bíi 377 ló máa jáde. Kílójúùlù kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ni 1000 wáàtì. Pín in sí ìṣẹ́jú méjì, ó ju 3100 wáàtì lọ. Kọ̀mpúrẹ́sọ̀ fíríìjì ilé tí o ní nílẹ̀ yẹn, 100 sí 200 wáàtì ooru ló lè kó lẹ́ẹ̀kan náà. Éésì 1 HP tó ń mú odindi yàrá tutù ń kó nǹkan bí 2600 wáàtì, ti 1.5 HP ń kó bíi 3500. Ohun tí o ń bèèrè, láìmọ̀, ni éésì tó ju ti 1 HP lọ, tí a rún mọ́ inú nǹkan tí kò ju blẹ́ńdà lọ, nítorí lítà sóbò kan. Gẹ́ẹ̀nì kékeré tí wọ́n ń pè ní "I pass my neighbour" kò ní lè gbé e. Bí o bá tiẹ̀ dín in kù sí ife tíì kan, 250 mílílítà, ó ṣì ń béèrè fún bíi 790 wáàtì: kọ̀mpúrẹ́sọ̀ mẹ́rin ó kéré tán, kí ẹnì kan lè mu tíì.

Ti Peltier tún burú ju ìyẹn lọ. Lọ́dún 1834 ni Jean Peltier, ará Faransé, rí i pé bí iná bá gba ibi tí oríṣi irin méjì ti pàdé kọjá, ojú kan á máa tutù, ìkejì á máa gbóná. Pátákó funfun pẹlẹbẹ tí wọ́n ń tà ní Alaba, tí wọ́n kọ TEC1-12706 sí lára, ìdí ọ̀rọ̀ yìí ló wà. Fóòtì 12 ló ń lò, ámípíà 6. Àwọn tó ń ṣe é ń kọ 50 sí 60 wáàtì sí i, ìwọ̀n tó sì lè kó nìyẹn nígbà tí ojú méjèèjì bá gbóná bákan náà. Bí ojú kan bá ṣe ń tutù ju èkejì lọ ni agbára rẹ̀ ń lọ sílẹ̀, títí tí kò fi ní kó nǹkan kan mọ́ tí ìyàtọ̀ bá fi máa sún mọ́ 70°C. Wò ó dáadáa, wàá rí ìyọnu tó wà níbẹ̀: nígbà tí tíì ṣì gbóná ju yàrá lọ, Peltier kò ṣe ohun tí omi inú báàfù kò lè ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, ìgbà tí tíì bá wá dé ìgbóná yàrá, tí a nílò ìrànlọ́wọ́ gan-an, ìgbà yẹn ló ń rẹ̀ ẹ́. Wọ́n dára nínú fíríìjì kékeré inú ọkọ̀, tó kàn ń ṣọ́ ohun tó ti tutù tẹ́lẹ̀. Má náwó lé wọn lórí iṣẹ́ yìí.

Ibi tí iṣẹ́ yìí ti rọrùn ni ibi tí àwọn èèyàn kì í wò. Láti 95 dé 5, 90 ni ìyàtọ̀. Nílẹ̀ wa níbí, omi inú báàfù máa ń wà ní bíi 28°C. Ìyẹn ni pé láti 95 dé nǹkan bí 35, ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo iṣẹ́ náà, kò yẹ kó ná ọ ní kọ́bọ̀ iná kankan. Tẹjú mọ́ mai shai tó bá jókòó sí ìta lálẹ́. Ó máa gbé ife kan sókè bíi pé ó fẹ́ fi bu omi lé ara rẹ̀ lórí, á jẹ́ kí tíì fà gùn bọ́ sínú ife tó wà nísàlẹ̀, á tún dà á padà, èéfín á máa jáde lára rẹ̀. Kí o tó rí ṣéńjì nínú àpò, tíì ti ṣeé mu. Èéfín yẹn gan-an ló ń ṣiṣẹ́. Gíráàmù omi kan tó bá fò lọ máa ń gbé kílójúùlù bíi 2.4 lọ. Kí ife tíì kan tó sọ̀ kalẹ̀ láti 95 sí 60, gíráàmù bíi 15 péré ló ní láti fò, ìyẹn ṣíbí ọbẹ̀ kan. Ọgbọ́n yìí ò ràn án mọ́ bí tíì bá ti ń sún mọ́ ìgbóná afẹ́fẹ́, àyàfi lásìkò ọyẹ́ tí afẹ́fẹ́ gbẹ. Ṣùgbọ́n lókè níbi tí ooru pọ̀ jù sí, kò sí ẹ̀rọ olówó iyebíye kan tí ó lè fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Láti 35 sísàlẹ̀ ni a ti ń fowó ra òtútù. Ó sàn kí a rà á díẹ̀díẹ̀ kí a tó nílò rẹ̀, torí a kò lè rà á lẹ́ẹ̀kan. Àjọ ni yìnyín: kọ̀mpúrẹ́sọ̀ tí kò ní ju 100 wáàtì lọ́wọ́ á máa dá a ní gbogbo òru, á sì kó odindi fún ọ láàárọ̀. Kílò yìnyín kan máa ń gba kílójúùlù 334 kó tó yọ́ tán, 0°C ló sì máa wà ní gbogbo ìgbà tó bá ń yọ́. Láti sọ kílò omi kan tó wà ní 28°C di yìnyín, kọ̀mpúrẹ́sọ̀ rẹ máa nílò nǹkan bíi wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tí a bá yọ ooru tó ń gba ara àpótí wọlé sọ́tọ̀. Bí NEPA bá fún yín ní wákàtí mẹ́fà lóru, tí a sì ka ooru yẹn mọ́ ọn, kílò mẹ́ta sí mẹ́rin nìyẹn. Nísinsìnyí ṣe àfiwé rẹ̀: lítà sóbò kan tó wà ní 95°C tí o bá gbé tààrà sínú yìnyín yóò jẹ ju kílò kan lọ kó tó dé 5°C. Bí omi bá ti kọ́kọ́ mú un wá sí 35, ìdá mẹ́ta kílò tàbí díẹ̀ lé sí i ti tó. Yìnyín kan náà ló máa wá tó fún lítà mẹ́ta.

O lè wá bi mí pé, níwọ̀n ìgbà tí yìnyín ti wà, kí ló kù tí ẹ̀rọ máa ṣe? Ohun tó kù ni ìfarakanra, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ irú ẹ̀rọ yìí ti ń kùnà. Ti ìkòkò gbígbóná bọ inú báàfù omi yìnyín kí o má fọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, rọra ki ìka bọ omi náà lẹ́bàá ìkòkò, kí o tún kì í bọ ẹ̀gbẹ́ báàfù: omi tó lẹ̀ mọ́ ìkòkò ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, yìnyín sì ń léfòó níbi tí kò wúlò sí. Nínú ìkòkò pẹ̀lú, sóbò tó kan irin ti tutù, èyí tó wà láàárín ṣì ń hó. Omi tó dúró jẹ́ẹ́ ń dínà fún ooru gidigidi. Ro ó nínú, ro ó lóde, iṣẹ́ tí ì bá gba ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú á yára bí ohun tí a lé. Tún rántí pé kí omi máa wà láàárín yìnyín: búlọ́ọ̀kù gbígbẹ máa ń kan ìkòkò ní ojú kọ̀ọ̀kan, omi ló ń fi ara kan gbogbo rẹ̀.

Ní ti ohun tí wàá fi ṣe é, bàbà ló ń gbé ooru kọjá jù, ó fi bí ìlọ́po 25 ju sítẹ́ńlẹ́ẹ̀sì lọ, alumíníọ̀mù sì tẹ̀ lé e. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń pọn bíà nílé lókè òkun fi fẹ́ràn páìpù bàbà tí wọ́n ká róbótó, tí wọ́n ń rì sínú ọtí gbígbóná kí omi tútù máa gba inú rẹ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n sóbò kan gan-an, kíkan sì ń jẹ bàbà àti alumíníọ̀mù, èyí tó bá jẹ á wọ inú ohun tí èèyàn ń mu. Lo sítẹ́ńlẹ́ẹ̀sì tí wọ́n fi ń ṣe ohun èlò oúnjẹ, kí ó fẹ́lẹ́, kó má tó mílímítà kan. Níbi tó bá fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀, omi tí a kò rò ń dínà ju irin náà lọ. Má lo ike, kì í jẹ́ kí ooru kọjá.

Tí o bá gba ti páìpù lọ, tí sóbò ń ṣàn gba inú rẹ̀ kọjá nínú omi yìnyín tí a ń rò, ìṣẹ́jú méjì fún lítà kan lè ṣeé ṣe lóòótọ́. Páìpù tí ihò rẹ̀ jẹ́ mílímítà 6, tó gùn tó mítà márùn-ún sí mẹ́jọ, ni ìṣirò mi gbé wá fún ìpele yìnyín nìkan. Mi ò ní gbà ọ́ níyànjú láti ṣe é. Èèpo ọ̀pẹ òyìnbó àti gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ atalẹ̀ á dí i, ṣúgà á lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀, kò sì sí ojú tó lè rí ibi tí kòkòrò àìfojúrí ti ń pọ̀ sí i níbẹ̀. Iléeṣẹ́ ńlá ní omi gbígbóná àti kẹ́míkà tí wọ́n ń tì gba inú páìpù wọn kọjá lójoojúmọ́. Màmá rẹ ní kànìnkànìn àti ọṣẹ. Ohun tí kànìnkànìn kò bá dé, má jẹ́ kí sóbò dé ibẹ̀.

Nítorí náà, èyí tí mo máa ṣe bó bá jẹ́ èmi ni: ìkòkò sítẹ́ńlẹ́ẹ̀sì tó ga tí kò fẹ̀, ẹnu rẹ̀ ṣí kí ọwọ́ lè wọ̀ ọ́. Lórí ìdérí rẹ̀, mọ́tọ̀ wáípà ọkọ̀, irú èyí tí wọ́n ń tà ní Gate n'Ìbàdàn: fóòtì 12 ló ń lò, kì í sáré jù, ó sì lágbára láti máa yí abẹ̀bẹ̀ kékeré kan nínú sóbò láìda ìfófòó sí i. Báàfù omi lásán ni ibùdó kìíní. Ibùdó kejì ni kúlà ńlá, irú èyí tí wọ́n fi ń gbé ìrẹsì lọ sóde, tí omi àti yìnyín wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú pọ́ǹpù kékeré tó ń dà á yí ká. Gbé ìkòkò láti kìíní sí èkejì nígbà tí tẹmómítà bá ti sún mọ́ 40. Fún lítà márùn-ún, ó máa gba nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní ibùdó kìíní, ó sì lè tó bẹ́ẹ̀ náà ní ìkejì, pẹ̀lú yìnyín kílò méjì sí méjì ààbọ̀. Lítà kan nínú ìkòkò kékeré máa gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá lápapọ̀. Mọ̀ pé omi ogún lítà inú báàfù á fi bíi 14°C gbóná sí i lẹ́yìn lítà márùn-ún yẹn, torí náà pààrọ̀ rẹ̀ lágbedeméjì. Èyí tó gbóná yẹn dára fún fífọ abọ́. Ìṣẹ́jú méjì tí o fẹ́ ti di ogún, mo mọ̀, ṣùgbọ́n wákàtí mẹ́rin ni màmá rẹ ń lò báyìí.

Àwọn ọ̀nà mìíràn wà. O lè fa afẹ́fẹ́ kúrò lórí omi kó máa hó bó ṣe ń tutù. Àwọn iléeṣẹ́ búrẹ́dì àti àwọn tó ń kó ẹ̀fọ́ ránṣẹ́ ń lò ó. Fún lítà kan láti 95 dé 5, bí ìdá kan nínú méje rẹ̀ ló máa fò lọ, òórùn kanafuru á bá a lọ, pọ́ǹpù tó lè gba gbogbo èéfín yẹn kì í sì í ṣe ti ilé ìdáná. Naitirójìn olómi, tó wà ní -196°C, yára lóòótọ́, ó sì lè ba ojú tàbí ọ̀fun ẹni jẹ́. Má gbé e wọlé. Ife onífírísà tún wà lọ́jà, tí omi dídì wà láàárín awẹ́ irin rẹ̀, tí wọ́n ń da kọfí sí: ó ń ṣiṣẹ́ fún ife kan, lẹ́yìn náà ó gbọ́dọ̀ padà sínú fírísà. Ẹnìkan á tún wá sọ fún ọ pé omi gbígbóná ń yára dì ju omi tútù lọ. Erasto Mpemba, ọmọ Tanzania, ló gbé ọ̀rọ̀ yẹn jáde nígbà tó wà nílé ìwé ní 1963, ìwé rẹ̀ pẹ̀lú Denis Osborne sì jáde ní 1969. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí rẹ̀. Má gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ lórí rẹ̀.

Ohun kan wà tí ẹ̀rọ rẹ máa bá díje, o sì gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n kí o tó náwó. Jẹ́ kí màmá rẹ fi ìdajì omi se ìsápá náà kó le dáadáa, kí wọ́n sẹ́ ẹ, kí wọ́n wá da ìdíwọ̀n yìnyín kan náà sí i. Ìdajì lítà sóbò tó wà ní 95°C pẹ̀lú ìdajì kílò yìnyín, bí gbogbo rẹ̀ bá yọ́ tán, yóò dúró sí bíi 8°C, ó tún lè tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ tí yìnyín bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú fírísà jáde. Píọ̀ wọ́tà 50 cl kan tó dì ni ìdajì kílò yẹn gan-an. Fọ ọ̀rá rẹ̀ lóde, fọ́ yìnyín inú rẹ̀ wẹ́wẹ́, dà á sí i, máa rò ó. Ìṣẹ́jú méjì rẹ nìyẹn. Ó ní ìwọ̀n tirẹ̀ o: omi tí kò mọ́ kò gbọ́dọ̀ di yìnyín inú sóbò, búlọ́ọ̀kù tí wọ́n ń gé fún ẹja lọ́jà kò sí nínú rẹ̀ rárá, tíì tí ẹ ti pò mọ́ mílíìkì á sì di omi lásán. Ibi tí ẹ̀rọ rẹ ti lè borí ni ọ̀dọ̀ ẹni tó ń se ohun púpọ̀, tí kò fẹ́ kí omi kankan kún un.

Kíákíá tí o ń lépa yìí tún ní èrè mìíràn tí o kò dárúkọ. Láàárín 60°C sí 5°C ni kòkòrò àìfojúrí ti ń gbèrú, wákàtí tí sóbò ń lò níbẹ̀ lórí tábìlì sì ń mú kó tètè kan. Ìdí tí mo fi ní kí o lo mọ́tọ̀ àti pọ́ǹpù fóòtì 12 ni pé omi á máa ta sí gbogbo ibẹ̀. Má ki wáyà 230 fóòtì bọ inú kúlà. Wo ara kọ̀mpúrẹ́sọ̀ rẹ náà. Bí wọ́n bá kọ R600a sí i, gáàsì tó ń gbiná ni. Má fi iná jó páìpù rẹ̀ láìjẹ́ pé ọ̀gá rẹ dúró tì ọ́. Àpótí onífóòmù tó nípọn ni kí o fi í sí, kí ó máa ṣe yìnyín lóru, kò ní iṣẹ́ mìíràn.

Kí o tó gé irin kankan, yá tẹmómítà. Se lítà omi kan, gbé e sínú omi báàfù, máa kọ ìgbóná rẹ̀ sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan títí dé 40, kí o gbé e lọ sínú omi yìnyín títí dé 8. Ṣe é lẹ́ẹ̀kan láìrò ó, kí o tún un ṣe pẹ̀lú ìrò. Fi ìwé méjèèjì ránṣẹ́ sí mi, kí o sì sọ bí ìkòkò náà ṣe fẹ̀ tó àti bó ṣe ga tó. Láti ibẹ̀ la ti máa mọ irú ìkòkò tí wẹ́ldà máa ṣe fún ọ.